Àyẹ̀wò Ohun tí Ìdánwò Alábòójútó Ímeèlì Ń Béèrè

Iṣẹ́ lámèyítọ́ kò mọ sórí ewì àti ìtàn àròsọ. Ìwé tí ó ń la ohun tí a ó fi dán ènìyàn wò sílẹ̀ náà yẹ fún àyẹ̀wò, nítorí pé ohun tí ó bá kà sí pàtàkì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò há sórí. Ìlànà ìdánwò LPIC-2 ti àjọ Linux Professional Institute, àtúnṣe 4.5 ti ọdún 2017, ni a mú lò níhìn-ín, níbi tí ó ti kan àbójútó sáfà ímeèlì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń gba ìwé wọlé tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ síta.

Orí 211 ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ìwọ̀n 8 ni ó ní nínú 60 tí ó wà fún ìdánwò 202: 4 fún sáfà fúnra rẹ̀, 2 fún bí a ṣe ń fi Sieve ṣa ìwé tí ó bá dé, 2 fún bí oníwèé ṣe ń ṣí àpótí rẹ̀. Postfix ni wọ́n gbé síwájú. Ní ti Sendmail àti Exim, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà ti mọ̀ pé wọ́n wà ni. A fara mọ́ èyí, torí pé ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan dunjú kò ní ṣìnà nínú èkejì.

Ohun tí wọ́n fò ni ó kọ wá lóminú. Ìlànà SMTP tí Jon Postel kọ ní 1982 kò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ń fi ìwé ránṣẹ́; ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ ẹlòmíràn sẹ́yìn àpò ìwé. Nítorí èyí ni a fi ní SPF (2006), tí ó ń dárúkọ àwọn kọ̀ǹpútà tí a yọ̀ǹda fún. DKIM (2007), tí ó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Àti DMARC (2015), tí ó ń sọ ohun tí agbàwé yóò ṣe bí ẹ̀rí kò bá dúró. Orí 211 kò dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti oṣù kejì ọdún 2024, Google ń béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń fi ímeèlì 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí àwọn oníGmail lójúmọ́. Kí ilé-ìwé kan fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sí àwọn òbí wàyí: àkọsílẹ̀ Postfix yóò wí pé ìwé ti lọ, inú àpótí pàǹtírí ni yóò sì bọ́ sí. Ìwé-ẹ̀rí alábòójútó péye, òbí kò rí èsì. A kì í fi ète sílẹ̀ pa làpálàpá.

A lè jiyàn pé kò yẹ kí ìdánwò máa sá tẹ̀lé àṣẹ ilé-iṣẹ́ kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun-ìní Google kọ́ ni àwọn ìlànà wọ̀nyí; mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà níta fún gbogbo ayé kí àtúnṣe 2017 tó jáde. Bí ààyè bá há, kí wọ́n gé ti Sieve kù.

Ọ̀nà ìbéèrè pàápàá ń fẹ́ àtúnṣe. Yíyan ìdáhùn àti kíkún àlàfo ni wọ́n ń lò, èyí sì lè sọ ìdánwò di híhá orúkọ fáìlì sórí. Síbẹ̀, a lè tẹ ìlà mẹ́fà nínú àkọsílẹ̀ sáfà síwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí a fi orí ìwé kan tì í, kí a sì ní kí ó tọ́ka sí ibi tí ìwé náà há sí.