Ọwọ́ Bíríkìlà Nínú Igbó Ọ̀ṣun

Ẹni tó bá ti Ọjà-Ọ̀dàn tàbí Ìlaròó wọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ère nìkan kò lè yà á lẹ́nu. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti là wá lójú nílé: igi kan ṣoṣo tí ejò, ẹyẹ àti èèyàn gun ara wọn lórí rẹ̀, tí wọ́n á sì tún kùn lọ́dà kí ijó tó dé. Sìmẹ́ńtì ni èmi dúró wò.

Agbẹ́gilére lè gbé ọ̀bẹ kalẹ̀ kó lọ jẹun. Ẹni tó ti po sìmẹ́ńtì kò láyè bẹ́ẹ̀. Adébísí Àkànjí, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ inú igbó náà, mọ èyí dáadáa, nítorí bíríkìlà ni kí ayé tó mọ̀ ọ́n mọ ère. Kìnnìún sìmẹ́ńtì, irú èyí tí ń jókòó lórí ilé Àgùdà, wà lára ohun tó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sún mọ́ ògiri rẹ̀. Irin ló kọ́kọ́ tẹ̀ bí apá, ẹsẹ̀ àti orí, kó tó máa fi ọwọ́ lẹ sìmẹ́ńtì mọ́ ọn, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà já bọ́. Àlàfo ló fi sáàárín èèyàn kan àti èkejì. Bí ẹ bá dúró, ẹ ó rí igi tó wà lẹ́yìn ògiri láàárín apá ẹni tó wà lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá, òjò náà ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ràn àwọn ògiri wọ̀nyí ju àwọn ère gàgàrà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ère Ìyá Mọ̀ọ́pó tóbi débi pé èèyàn á gbé ojú sókè tipátipá.

Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ló kó àwọn oníṣẹ́ náà jọ. Graz ní Austria ni wọ́n bí i sí ní 1915. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ nígbà náà, Ulli Beier, ní yunifásítì Ìbàdàn ló gbé e dé Nàìjíríà. Nígbà tó fi kú ní 2009, UNESCO ti kọ igbó náà, hẹ́kítà 75, sínú ìwé ogún àgbáyé láti 2005.

Kò sẹ́ni tó gbin ibẹ̀ bí ọgbà òdòdó. Igbó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀wọ̀ òrìṣà wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n gé e tán. Ìgbà sì ń yí ìrísí àwọn ère náà padà. Bí ọyẹ́ bá dé, ewé á re, ère tí ewé bò á sì yọ tán. Ní oṣù kẹjọ tí èrò ọdún ń wọ́ lọ sódò, òjò ti mú gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, nǹkan tútù sì ti hù sí èjìká ère.

Òjò yìí kan náà ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ibi tí sìmẹ́ńtì bá ti sán, omi á wọlé lọ bá irin. Irin tó dípẹtà a máa wú, á sì ti sìmẹ́ńtì jáde láti inú. Ẹ̀ka tó wó á fọ́ apá kan, gbòǹgbò á gbé ìpìlẹ̀ sókè. Nítorí náà ni àtúnṣe ibẹ̀ ṣe gba ọwọ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe é. Ó ní láti ha ìpẹtà kúrò tàbí kó pààrọ̀ irin náà. Bó bá kàn rẹ́ sìmẹ́ńtì tuntun lé e lórí, yóò tún lanu lójú ibẹ̀ gan-an.