Ìgbàwọlé Nìkan Kò Tó: Ìgbéléwọ̀n Ìlànà Ìrànlọ́wọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ọ̀nà Rẹ̀ Jìn sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ìlànà ìgbàwọlé sí àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà wò, pàápàá jù lọ ìpín tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Èrò wa ni pé ìlànà náà ń ka ìpínlẹ̀ dípò ènìyàn, ó sì ń dáwọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. A fi òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá, owó ìyáni fún ẹ̀kọ́, àti ipò ẹ̀ka-èdè nínú kíláàsì Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ. A dábàá pé iye àwọn tó parí ẹ̀kọ́ ni kí a máa fi díwọ̀n ìrànlọ́wọ́, kì í ṣe iye àwọn tó wọlé nìkan.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. A sábà máa ń fi òwe yìí tu ẹni tí nǹkan kò ṣẹnuure fún nínú, ṣùgbọ́n ó ní apá kejì tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí: ọwọ́ tí gbogbo ìka rẹ̀ bá gùn bákan náà kò ní lè di ọkọ́ mú dáadáa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa rí lónìí. Ọmọ tó ka ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni olówó gọbọi jókòó ti ọmọ tí kò ní olùkọ́ físíìsì rí títí ó fi ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ọmọ apẹja, ọmọ darandaran, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran àti ẹni tó jẹ́ pé òun ni àkọ́kọ́ nínú ìdílé rẹ̀ tí yóò wọ yunifásítì, gbogbo wọn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu olùkọ́ kan náà. Ìbéèrè tí a gbé wá síwájú àpérò yìí ni pé, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ ti fún wọn ní ìwé ìgbàwọlé, kí ló tún ń ṣe fún wọn?

Ohun tí ìlànà wí

Ọdún 1978 ni a dá àjọ JAMB sílẹ̀ láti máa ṣètò ìgbàwọlé sí àwọn yunifásítì. Nígbà tó di 1979, ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ ọ́ di dandan pé kí ohun ìjọba àpapọ̀ má ṣe wà lọ́wọ́ ẹ̀yà kan tàbí agbègbè kan nìkan. Láti ara irú èrò yìí ni ìpín tí a mọ̀ dáadáa lónìí ti jáde: 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó pegedé jù lọ, 35 fún agbègbè tó yí ilé-ẹ̀kọ́ ká, àti 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀.

A kò bá ìlànà yìí jà. Ìdí wà fún un nínú ìtàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Kì í ṣe gbogbo Nàìjíríà ló rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lákòókò kan náà. Ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà kò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, ìwà ìrẹ́jẹ ni yóò sì jẹ́ bí a bá ní kí ó sáré pẹ̀lú ẹni tó ti lọ jìnnà ṣáájú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni bí a ṣe ń lo ìlànà náà.

Ìpínlẹ̀ kì í ṣe ènìyàn

Àléébù àkọ́kọ́ ni pé orúkọ ìpínlẹ̀ ni a fi ń mọ ẹni tí ìrànlọ́wọ́ tọ́ sí. Ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ fi àléébù yìí hàn kedere. Kwara àti Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Oǹdó àti Èkó kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọmọ méjì yẹ̀ wò. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní GRA Ìlọrin, tí olùkọ́ àdáni ń wá kọ́ nílé. Èkejì jẹ́ ọmọ apẹja ní etí òkun Ìlàjẹ, níbi tí omi ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947. Bí àwọn méjèèjì bá ń wá ààyè sí yunifásítì kan náà ní ibi tó jìnnà sí ilé wọn, ìlànà yóò na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ sí ọmọ GRA, yóò sì sọ fún ọmọ apẹja pé ìpínlẹ̀ rẹ̀ ti lajú.

Kò yàtọ̀ ní Èkó. Ọmọ Ẹ̀gùn tó ń gbé orí omi ní Mákòókò ń gbé inú ìpínlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní ẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́. Èkó lajú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlajú Èkó kò tíì dé inú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ọmọ náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá fẹ́ kí ìpín 20 yẹn dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀, ó yẹ kí a wo ìjọba ìbílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti wá, irú ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tó lọ, àti bóyá òbí rẹ̀ kàwé. Ibi tí àwọn ìsọfúnni wọ̀nyí kò bá tíì sí nínú fọ́ọ̀mù, fífi wọ́n kún un kì í ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù.

Ẹnu ọ̀nà mọ̀ wọ́n, yàrá kò mọ̀ wọ́n

Àléébù kejì ló ká wa lára jù. Láti 2017, àjọ JAMB ní ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola tó ń ṣètò ìdánwò lọ́tọ̀ fún àwọn tí ojú wọn kò ríran. Iṣẹ́ tó wúlò ni, ó sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n kí ló ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́yìn tó bá yege?

Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó de ìyànjẹ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Abala 18 òfin náà sọ pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, gbọ́dọ̀ gba àkàndá ẹ̀dá mọ́ra, kí ó ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ wọn, kí ó sì ní ohun èlò tó yẹ. Ó tún ní kí Braille àti èdè àfọwọ́sọ wà lára ohun tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Òfin yìí fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún 5 láti tún àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Kí oníkálukú wa tó wà nínú àpérò yìí ro gbọ̀ngàn tó ti ń kọ́ni wò: ṣé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè dé iwájú pátákó?

Ọ̀rọ̀ owó náà rí bákan náà. Òfin ìyáni-lówó fún ẹ̀kọ́ tó jáde ní 2023 ní kí owó tó ń wọlé fún ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ju ₦500,000 lọ lọ́dún. Òfin tuntun ti oṣù kẹrin 2024 mú ìdènà yìí kúrò. Nísinsìnyí, àjọ NELFUND máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, ó sì máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Ìgbésẹ̀ gidi ni. Síbẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń béèrè fún un, pẹ̀lú nọ́ńbà NIN, BVN, JAMB àti ti ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní fóònù tó dára, tàbí tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ nínú ìwé méjì, lè wà lẹ́yìn nígbà tí ọmọ olówó ti gba tirẹ̀ tán. Owó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ dé ìdí rẹ̀ ni ìlànà kò yàn.

Ọ̀rọ̀ èdè

Àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá ní ìta ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé èdè lè jẹ́ afárá, ó sì lè jẹ́ ògiri. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún yunifásítì ni pé a gbọ́dọ̀ kọ́ni ní èdè tí a fẹ́ fi kọ́ni. Kọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì kan nínú gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Kíláàsì Yorùbá pàápàá kò mọ́ nínú èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà lè kọ "uṣẹ́" àti "ulé" dípò "iṣẹ́" àti "ilé". Bí olùkọ́ bá kàn fa igi pupa lé e lórí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà pé èdè ìyá òun ni àṣìṣe. Bí ó bá ṣàlàyé pé fáwẹ́lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ṣùgbọ́n pé ó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀ka-èdè náà, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ láti ilé yóò di ìmọ̀ gírámà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọ Nupe tàbí ọmọ Ẹ̀gùn tó gbọ́ Yorùbá lọ́jà ṣùgbọ́n tí kò fi àmì ohùn sí i rí. Ìrànlọ́wọ́ irú èyí kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Àtakò méjì

Àwọn kan yóò ní bí a bá ń ran àwọn tí máàkì wọn kéré lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ yóò ṣubú. Ìdáhùn wa ni pé máàkì ìgbàwọlé ń sọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ibi tí yóò parí sí. A kò ní kí a rẹ òdiwọ̀n ìdánwò sílẹ̀. Ohun tí ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́ ni kí a gba ènìyàn wọlé, kí a fi í sílẹ̀, kí a wá fi ìjákulẹ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé kò yẹ kí ó wọlé rárá.

Àwọn mìíràn yóò ní kò sí owó. Lóòótọ́, ìwé Braille àti àtúnṣe ilé ń ná owó, owó àpò TETFund sì yẹ kí ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn máa kọ́ àwọn ọmọ mẹ́jọ mẹ́jọ lọ́sẹ̀, kí olùkọ́ fi ìlapa èrò ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ kíláàsì, kí ẹnì kan nínú ẹ̀ka máa bá àwọn ọmọ tuntun kún fọ́ọ̀mù: ètò ni nǹkan wọ̀nyí ń béèrè.

Ìkádìí

Yorùbá ní a kì í fi ẹran tọrẹ kí a tún di okùn rẹ̀ mú. Ààyè tí a fún ènìyàn láìsí ọ̀nà tí yóò fi lò ó, okùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó fún un. A dábàá nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ìlànà ìgbàwọlé máa wo ìjọba ìbílẹ̀ àti ipò ìdílé yàtọ̀ sí ìpínlẹ̀. Èkejì, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mú Abala 18 ṣẹ, kí ó sì dárúkọ òṣìṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a máa ka àwọn tó wọlé nípasẹ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan, kí a sì ka iye wọn tó gboyè jáde, kí àwọn alákòóso lè rí ibi tí wọ́n ti ń jábọ́.

Fún ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni bíi tiwa, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ yunifásítì lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀nà wọn jìn yìí ni yóò padà sí abúlé wọn lọ di tíṣà. Bí wọ́n bá jábọ́ lágbedeméjì, ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ físíìsì lónìí kò ní ní i ní ogún ọdún sí i, ìpínlẹ̀ náà yóò sì wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ síbẹ̀.