Àáké Henry Ford àti Ìfaradà Ìkọlù: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀rí Kan

Ó ṣòro kí ènìyàn ka ìwé púpọ̀ lórí ike tí a fi fọ́nrán ohun ọ̀gbìn kún láì bá àáké Henry Ford pàdé. Ní ọdún 1940, ní Amẹ́ríkà, gbajúgbajà aṣẹ̀dá ọkọ̀ yìí gbé àáké, ó sì là á mọ́ ìdérí bùútù ọkọ̀ tí wọ́n fi ike ṣe. Ìdérí náà kò fọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń fi àwòrán yìí jẹ́rìí pé fọ́nrán inú oko le ju irin lọ.

Ẹ̀rí náà mẹ́hẹ. Rọ́bà ni wọ́n fi bo ojú mímú àáké náà. Èkejì, ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ike, èyí tí wọ́n pàtẹ ní Dearborn ní oṣù kẹjọ ọdún 1941. Àwọn tí ń sọ pé òun ni àáké bà ti da ìtàn méjì pọ̀. Kò tilẹ̀ sí àkọsílẹ̀ pípé nípa èròjà ọkọ̀ ọdún 1941 náà. Lowell Overly tí ó bá wọn ṣe é sọ pé fọ́nrán ẹ̀wà sóyà nínú rẹ́sìn ni. Pabanbarì rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó wọn agbára tí àáké náà gbé wá.

Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ìdánwò Charpy, wọ́n á gbé ọ̀pá kékeré tí wọ́n ti fá lójú kan sórí ìtìlẹ́yìn méjì, òòlù tí ń fì yóò sì dá a. Ti Izod, ẹsẹ̀ ọ̀pá ni wọ́n ń dè mọ́lẹ̀. Èsì ìdánwò méjèèjì kò ṣeé fi wéra tààrà, síbẹ̀ àwọn kan ń kó wọn sínú tábìlì kan náà.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àpòpọ̀ náà yẹ fún àkíyèsí. Ike ni ó kọ́kọ́ ń sán. Bí sísán náà bá kan fọ́nrán, fọ́nrán lè bọ́ kúrò lára ike, kí ó máa fà yọ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó já. Ìfàyọ yìí ni ó ń jẹ agbára ìkọlù run. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi tútù kì í ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n igbá gbígbẹ a máa fọ́ yángá. Fọ́nrán èèpo àgbọn kò lágbára tó ọ̀gbọ̀ bí a bá ń fà wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè nà ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kí ó tó já. Ti ọ̀gbọ̀ kì í sábà ju 3 lọ.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ń ṣìnà. Wọ́n á fi kọ́sítíìkì sódà fọ fọ́nrán kí ó lè lẹ̀ mọ́ ike dáadáa. Agbára ìfà yóò pọ̀ sí i, wọn yóò sì kéde pé àpòpọ̀ náà ti dára. Bí ó bá lẹ̀ jù, fọ́nrán kò ní ráyè fà yọ mọ́, ìfaradà ìkọlù sì lè dínkù. Ẹni tí ó fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe akoto fún ọlọ́kadà kò gbọdọ̀ fi èsì ìfà nìkan ṣe ẹ̀rí. Nínú ọkọ̀ òde òní pàápàá, ara ìlẹ̀kùn nínú lọ́hùn-ún ni fọ́nrán ọ̀gbọ̀ àti hẹ́m̀pù ti ń ṣiṣẹ́ jù, níbi tí ìfúyẹ́ ti ṣe pàtàkì ju ìkọlù lọ.