Èbù Tó Ń Sùn Lábẹ́ Imọ̀ Ọ̀pẹ

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ewé iṣu ti gbẹ lórí ọ̀pá rẹ̀ lóko wa ní Ayébọ̀dé-Èkìtì, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní iṣẹ́ iṣu ti parí. Ìgbà náà ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ń bẹ̀rẹ̀: ìtọ́jú èbù.

Ẹni tó ń jẹ iyán kì í bèèrè èbù. Iṣu gbọ̀ǹgbọ̀ ọjà Ìkọ̀lé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n iṣu náà la tún ń gbìn kí iṣu tó wà. Nínú mẹ́wàá tí a bá wa, ó lè tó mẹ́ta tí a ó yà sọ́tọ̀ fún ebè ọdún tó ń bọ̀.

Láti oṣù Keje sí Kẹjọ, tí iṣu tuntun bá ti tó jẹ, mo máa ń fọwọ́ tú ẹ̀gbẹ́ ebè, n ó gé iṣu lábẹ́ orí rẹ̀ láìfa gbòǹgbò tu, n ó sì da ilẹ̀ padà bò ó. Kó tó di oṣù Kejìlá, orí náà á ti ta àwọn ọmọ iṣu kéékèèké. Èbù mi nìyẹn.

Abẹ́ igi ni mo ń tẹ́ wọn sí, lórí pẹpẹ ọparun, imọ̀ ọ̀pẹ lókè, kí oòrùn má kàn wọ́n, kí atẹ́gùn sì máa kọjá. Ọdún kan tí iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn, mo kó igba èbù lé ara wọn nínú yàrá onípáànù, mo ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òórùn kíkan ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan ló kọ́kọ́ rà, omi rẹ̀ ló sì ran àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́rin ló yè.

Láti ìgbà náà, ọrọọrún ni mo ń yẹ̀ wọ́n wò. N ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó bá fúyẹ́ lójijì ti ní àìsàn. N ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá funfun, tí omi rẹ̀ ń fà díẹ̀, ó yè. Bó bá ti pọ́n bí obì gbígbẹ, n ó gé ibẹ̀ kúrò, n ó fi eérú pa ojú rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá yàrá tútù kò ní sàn jù. Lóòótọ́, òtútù ni òdòdó hyacinth àwọn ará Netherlands nílò kó tó lè tanná dáadáa. Iṣu kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ̀n ooru bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 12°C lọ, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Omi náà kò lè jí i. Bí ẹ bá ń bomi rin èbù lóṣù Kejìlá, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Ó ní ọjọ́ tí yóò fúnra rẹ̀ jí.

Ọjọ́ náà ni mo ń dúró dè. Níparí oṣù Kejì, mo ṣí imọ̀ ọ̀pẹ, mo sì rí i lórí èbù kan: èéhù kan ṣoṣo, kò ju orí ìṣó lọ, ṣóńṣó rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ọdún, inú mi ṣì máa ń dùn bí ẹni tó gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Ti iṣu jíjẹ, à ń ṣẹ́ èéhù rẹ̀ kó má baà fa iṣu gbẹ. Ti èbù, ọwọ́ mi kì í kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ní èbù nílé nínú ọyẹ́ yìí, ẹ má dúró de ọjọ́ òjò. Ẹ lọ ṣí i wò lónìí, kí ẹ sì mú èyí tó ti ń rà kúrò láàárín àwọn yòókù.