Ìyálóde Ẹfúnṣetán láàárín Ìtàn àti Eré Oníṣe

Nígbà tí òǹkọ̀wé bá mú ẹni tí ó ti gbé ayé rí wọ inú ìwé eré, ìbéèrè tí àwọn lámèyítọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀? Lójú tiwa, ìbéèrè yìí kò tó. Òǹkọ̀wé eré kì í ṣe òpìtàn. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gé, láti lẹ̀, àti láti tún tò. Ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni pé, níbi tí ó ti yí ìtàn padà, ta ni àyípadà náà gbè, ta ni ó sì dá lẹ́bi? Ìbéèrè yìí ni a ó fi yẹ Ẹfúnṣetán Aníwúrà wò, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1970.

Ipò Ìyálóde

Ìbàdàn kò ní ọba aládé ní ayé Ẹfúnṣetán. Ìlú ológun ni. Ẹni tí ó bá lè kó ọmọ ogun jọ, tí ó lè bọ́ wọn, tí ó sì lè wá ìbọn àti ẹ̀tù fún wọn, ni ọ̀nà oyè ń là fún. Oyè Ìyálóde ni ó fún olórí àwọn obìnrin ní àyè nínú ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè. Ẹfúnṣetán, ọmọ Ẹ̀gbá, fi òwò àti oko ńláńlá di ọlọ́rọ̀. Àwọn ẹrú ni ó ń ṣiṣẹ́ oko náà, àwọn jagunjagun a sì máa gba ohun ìjà láwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, gbèsè àwọn ọkùnrin wà lára ohun tí ó gbé agbára rẹ̀ ró. Gbèsè kan náà sì ni ewu rẹ̀, nítorí pé ajigbèsè kì í fẹ́ràn olówó rẹ̀ títí.

Ẹjọ́ tí ìtàn rò

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, kò fi ìwà ìkà Ìyálóde pamọ́. Ó sọ bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí ṣe kú níbi ìkúnlẹ̀, àti bí ó ṣe wá ń pa ẹrú rẹ̀ tí ó bá lóyún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà fi kàn án, mẹ́ta péré ni Johnson kà. Èkíní, kò bá Ààrẹ lọ sójú ogun. Èkejì, kò fi ìpèsè ránṣẹ́ sí i níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kò jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tí ó ń ti ogun bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú kankan nínú wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1874, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ẹrú rẹ̀ pa á. Johnson ní Ààrẹ ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà, àti pé ọwọ́ Kúmúyìlọ, ẹni tí Ìyálóde fi ṣe ọmọ, ni ó gbà.

Ọ̀nà tí eré náà tọ̀

Nínú eré, Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀, Ìyálóde sì pa á. Látòósà àti àwọn ìjòyè gbé ogun tọ Ìyálóde lọ, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ìyá náà gbé májèlé jẹ. Nípa báyìí, ikú tí ẹlòmíràn pa á di ikú tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Ọkùnrin tí ìtàn fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn sì di ẹni tí ó wá gba àwọn tí a ń jẹ níyà.

Síbẹ̀, àǹfààní ńlá kan wà nínú ohun tí Ìṣọ̀lá ṣe, a kò sì gbọdọ̀ fojú fò ó. Àwọn ẹrú tí ìtàn kò dárúkọ ni ó sọ lórúkọ, tí ó sì fún ní ohùn. Kò sí ẹni tí ó ka ìwé náà tí yóò lè ka Adétutù mọ́ ẹrù inú ilé mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ Ìyálóde di akọni obìnrin lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá Adétutù lóhùn.

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni ìdí tí eré náà gbé ìwà ìkà náà kà. Ẹ jẹ́ kí a fi wé Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde ní ọdún 1972. Gáà fi ayé ni ọba lára ní Ọ̀yọ́, ó sì fi Àgbọ̀nyìn, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, rúbọ. Fún Gáà, ìfẹ́ agbára nìkan ti tó gẹ́gẹ́ bí àlàyé. A kò wá ìdí ìkà rẹ̀ lọ sí iyàrá ìbímọ. Ṣùgbọ́n inú àìlọ́mọ ni a ti wá ìdí ìkà Ẹfúnṣetán, ọ̀rọ̀ ìjọba àti gbèsè sì wá di ẹ̀yìn. Òótọ́ ni pé ọ̀fọ̀ ọmọ náà wà nínú ìtàn. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ìdajì ìtàn ni, a sì fi ṣe odidi.

Ìgúnlẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ Ìyálóde yìí ju bí wọ́n ti rí i lórí ìtàgé lọ. Fún wọn, eré ti di ìtàn. Èyí ni ó fi yẹ kí a máa ka méjèèjì pọ̀: kí a ka eré kí a lè gbọ́ igbe Adétutù, kí a ka ìtàn kí a lè mọ̀ pé kì í ṣe nítorí igbe náà ni Ààrẹ ṣe dìde. Obìnrin náà jẹ̀bi níwájú àwọn ẹrú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dá a lẹ́jọ́, ẹ̀sùn mìíràn ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.