Àyàjọra àti Àṣà: Iṣẹ́ Fọ́tò Ojeikere àti Ìgogo Ọ̀wọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé onífọ́tò kò lè ní àṣà tirẹ̀; wọ́n ní ẹ̀rọ ni ó ń ríran, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kàn gbà á láyè ni. Èrò yìí yẹ ní àyẹ̀wò, pàápàá ní Ọ̀wọ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ìjọra ti jinlẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Ní àtijọ́, bí ẹni ńlá bá kú, wọn a gbẹ́ ère àkó tí ó jọ olóògbé, wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ, wọn a sì gbé e yí ìlú ká. Irú ìjọra bẹ́ẹ̀ ni àyàjọra. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ó kọ̀wé lórí àkó ní 1976, tún là á yé wa pé inú "ṣà" ni "àṣà" ti wá: kí a ṣa èyí, kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Òṣùwọ̀n méjì nìyí tí a lè fi wọn fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wọn iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere. Ní 1930 ni a bí i ní Ovbiomu-Emai, ní Ìpínlẹ̀ Edo òde òní tí ó bá Ọ̀sẹ́ paàlà. Ó ra kámẹ́rà Brownie ní 1950. Ó ṣiṣẹ́ ní WNTV ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Èkó ní 1963. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun obìnrin, àwòrán náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kí ó tó kú ní 2014.

Kí ni ó ṣà? Dúdú àti funfun, ìpàkọ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ orí, níwájú ògiri tàbí aṣọ tí kò ní ọnà. Kí ni ó fi sílẹ̀? Ojú àti ẹ̀rín, lọ́pọ̀ ìgbà. Nípa bẹ́ẹ̀, onílé gogoro di ilé gíga lójú wa ní tòótọ́. Bí a bá wo ọ̀kan, ó dùn ún wò. Bí a bá wo ogún, a ó mọ ọwọ́ tí ó ṣe é. Síbẹ̀ àbùkù kan wà: a mọ orúkọ irun, a kì í sábà mọ onídìrí tí ó dá àrà náà.

Wàyí o, Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ a máa di irun, wọn a sì wọ ìlẹ̀kẹ̀, nígbà ọdún Ìgogo, ní ìrántí Ọ̀rọnsẹ̀n. Ẹni tí ó bá gbé ọgbọ́n Ojeikere lọ síbẹ̀ lódidi yóò ba nǹkan jẹ́. Irun ti Ìgogo kì í dá dúró: ó ń bá ijó rìn, ó ń bá agogo tí ó rọ́pò ìlù rìn, ó ń bá ìlú tí kò dé fìlà rìn. Bí a bá já a kúrò lára ìwọ̀nyí, àyàjọra lè kù, ìtumọ̀ ti lọ. Ohun tí a lè yá lọ́wọ́ Ojeikere ni sùúrù, àti ìgboyà láti fi nǹkan sílẹ̀. Ohun tí ó ṣà kò ṣeé yá.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lónìí tí àwòrán ìgbéyàwó láti Ọ̀wọ̀ dé Ifọ̀n ń jọ ara wọn bí ọmọ ìyá, kí onífọ́tò tí ó fẹ́ kí a dá iṣẹ́ òun mọ̀ láì wo òǹtẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni mo ń ṣà, ẹ̀rí ta ni mo sì ń fi sílẹ̀?