Ẹni Tí Ń Dé Ẹnu Ìsọ̀

Ojú àpótí 31 ló wà lára káàdì àjọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Bí ìyá oníbúrẹ́dì ní Ladi-Lak, nílùú Èkó, bá ti san tòní, alájọ á fi báírò sàmì sí ọ̀kan, ó di ọ̀la. Bí oṣù bá parí, ìyá á gba owó rẹ̀ pé, àfi ti ọjọ́ kan tó jẹ́ owó iṣẹ́ alájọ. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí onídùúró.

Ṣómólú, ní Èkó kan náà, ló fún wa ní ọ̀gá iṣẹ́ yìí. Aránṣọ ni Alphaeus Táíwò Olúnáìkè kí ó tó lọ sí Kamẹrúùnù, níbi tó ti rí àwọn tí ń gbàjọ. Ó padà wálé lọ́dún 1954, ó sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Títí dòní, ẹni tí orí rẹ̀ bá pé, a ó ní ó pé bí orí Alájọ Ṣómólú, tó gbàjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ ọ́ sílẹ̀, tó sì san ti oníkálukú láìṣì. Wọ́n tún ní ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Mọ́tò ò lè gba àárín ìsọ̀ kọjá. Kẹ̀kẹ́ á gbà á. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ìsọ̀ ló ń rí i pé ọjà ti tán lórí àtẹ, pé ọmọ ń ṣàìsàn, pé bóyá ni oníbàárà yìí á fi lè san lọ́la.

Owó tí àwọn ẹlẹ́sìn ń fi ran àgbẹ̀ àti oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́ nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀. Níbi ìpàdé Àpapọ̀ Ìjọ Àgbáyé ní Uppsala lọ́dún 1968, àwọn ọ̀dọ́ kan ò fẹ́ kí owó ìjọ máa wà ní báńkì tó ń ti ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà lẹ́yìn. Nígbà tó di 1975, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní Oikocredit lónìí sílẹ̀ ní Netherlands, kí ó máa yá àwọn báńkì kéékèèké àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lówó. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Ṣùgbọ́n ta ló lè jókòó sí Netherlands kó rí àtẹ oníbúrẹ́dì?

Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Mùsùlùmí ilẹ̀ wa mọ̀ dáadáa pé ẹnìkan ní láti dé ẹnu ìsọ̀. Nítorí pé èlé léèwọ̀, wọn kì í ka owó lé ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ká ní atẹ̀wé kan ní Ṣómólú ń wá ẹ̀rọ tí ń gé ìwé. Ẹgbẹ́ ló máa ra ẹ̀rọ náà, á kọ́kọ́ di tiwọn, kí wọ́n tó tà á fún un pẹ̀lú èrè tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí, á sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Aṣojú ẹgbẹ́ ní láti bá a lọ síbi ẹ̀rọ, kó wo ojú ọ̀bẹ, kó tẹ́tí sí ìró rẹ̀ bó ṣe ń gé rímù kan, kó fọwọ́ ra etí ìwé náà bóyá ó gún àbí ó wọ́. Bí atẹ̀wé bá sì pẹ́ kó tó san, iye tí wọ́n dá ò gbọdọ̀ lé sí i. Ìdí nìyẹn tí aṣojú tó mọṣẹ́ fi máa ń béèrè ìgbà tí iṣẹ́ ń ya wọlé: kàlẹ́ńdà ìparí ọdún, pósítà ìbò, ìwé iléèwé nígbà ìwọlé. Á wá to owó sísan tẹ̀ lé e, kó pọ̀ lóṣù tí ẹ̀rọ ò sinmi, kó dín lóṣù tí ọwọ́ bá dilẹ̀.